Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Inverter Ilé Bàbá

Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn púpọ̀ pé o fẹ́ kí Bàbá bọ́ lọ́wọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ní Ìsánlú kí ọyẹ́ tó dé. Àmọ́, jọ̀wọ́, má tíì sanwó inverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ohun èlò ilé ń lò) tí o rí ní Amẹ́ríkà yẹn. Fóòtì (ìwọ̀n ipá iná) 120 àti hertz (iye ìgbà tí iná ń yí síwá-sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) 60 ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín. 230 àti 50 ni tiwa níhìn-ín, a kò sì gbọ́dọ̀ fi fíríìjì àti pọ́ǹpù Bàbá dán irú rẹ̀ wò.

Mo lọ kí wọn ní Sátidé tó kọjá. Àwọn fúnra wọn ló mú mi yí ilé ká, tí mo ń ka agbára ohun èlò kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gílóòbù, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kò ju nǹkan bíi wáàtì 550 lọ lápapọ̀. Pọ́ǹpù kànga nìkan, tó jẹ́ 1 HP (agbára ẹṣin kan), ń jẹ tó wáàtì 1,000. Ẹni tó bá ro 1,550 yìí lè sọ pé inverter 2 kVA (kVA ni ìwọ̀n agbára tí wọ́n máa ń kọ sára inverter) ti tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń gbé wáàtì 1,600. Kò tó rárá. Nígbà tí pọ́ǹpù bá fẹ́ gbéra, ó lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà agbára tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí geere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́, inverter kékeré yóò sì kú lójijì kí omi tó jáde. Nítorí náà, 5 kVA ni mo yàn, irú èyí tó lè fara da ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kí ó jẹ́ ti fóòtì 48, kì í ṣe ti 12, nítorí pé láti mú wáàtì 2,400 jáde, bátìrì fóòtì 12 ní láti tú ampere (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) 200 sínú wáyà, nígbà tí ti 48 kò ní ju 50 lọ.

Ohun kan wà tí n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi dúnàádúrà lé lórí: pure sine wave ni kó jẹ́, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò geere bíi ti iná ìjọba. Inverter àkọ́kọ́ tí mo rà sílé mi jẹ́ modified sine wave, tí iná rẹ̀ ń fò bí àtẹ̀gùn dípò kó máa lọ geere, ẹni tó tà á sì fi dá mi lójú pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Fáànù ń kùn bí oyin, mọ́tò fíríìjì ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ títí tó fi jóná, insulin ìyá mi sì bàjẹ́ nínú rẹ̀ kí a tó mọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo tún ń wo iye tí inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ nígbà tí a kò tan ohunkóhun. Èyí tó bá ń jẹ wáàtì 50 yóò ti jẹ 1.2 kWh (yúníìtì iná kan lé díẹ̀) láàárín ọjọ́ kan, iná tó lè gbé fáànù Bàbá láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ní ti pánẹ́ẹ̀lì tó ń sọ oòrùn di iná, kí àpapọ̀ fóòtì wọn má sún mọ́ òpin tí a kọ sára inverter jù, nítorí pé ó máa ń ga sí i nígbà òtútù, o sì mọ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣe máa ń rí láàárín àwọn òkè wa.

Kùtùkùtù ni Bàbá máa ń fa omi kí wọ́n tó lọ sóko. Bí o bá pè wọ́n, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un sí aago mọ́kànlá, kí oòrùn lè máa gbé pọ́ǹpù náà. Tìrẹ ni wọn yóò gbọ́. Bí wọ́n bá gbà, bátìrì lithium 5 kWh kan ni n ó rà. Bí wọn kò bá gbà, a ó ra méjì. Jẹ́ kí n mọ̀ kí n tó sanwó.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́ ní Kabba.