Àbẹ̀kẹ́, gbọ́ fíìmù tí mo wò

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù Manchester? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Màmá ní kí n kí ẹ, wọ́n tún ní ṣé o ò tíì rí ẹni tó ń bọ̀ nílé tó lè bá àwọn mú suẹ́tà yẹn bọ̀, Ìbàdàn tí oòrùn ti fẹ́ dá àpá sí èèyàn lára, n ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, èmi ò sì bi wọ́n.

O ní kí n sọ fíìmù tó dáa tí o lè wò ní wíkẹ́ńdì. Háà, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀! Látìgbà tá a ti ra ìnfátà, NEPA mú iná lọ o, NEPA mú un wá o, alaalẹ́ lèmi àti Màmá ń jókòó sí pálọ̀ tá a máa ń wo fíìmù títí oorun á fi gbé ọ̀kan nínú wa lọ. O sì mọ̀ wọ́n, wọn kì í wo fíìmù jẹ́ẹ́, wọ́n máa ń bá wọn dá sí i ni, "Má jẹ ẹ́ o! Ìwọ ọmọ yìí, ṣó o ò rí ojú ẹ̀ ni?"

A tún Aníkúlápó wò, ti Kúnlé Afọláyan tó jáde ní 2022, torí Màmá ò bá mi wò ó nígbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Àrólákẹ́ ló ba ayé Sàró jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ tún un wò. Sàró ahunṣọ wọ Ọ̀yọ́ láìmọ ẹnì kan, obìnrin kan, Àwárùn, gbà á sílé, ó jẹ, ó mu, ara tù ú, ló bá lọ ń yọ́ fẹ́ Àrólákẹ́, olorì Aláàfin. Wọ́n lù ú pa, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, ta ló dúró tì í nínú igbó yẹn? Ta ló lé ẹyẹ tí àdó tó fi ń jí òkú fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́? Nígbà tó wá dé ìlú onílùú tó ń jí òkú, tó lówó, tó lókìkí, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó, obìnrin tó bá a jìyà wá di ẹni ẹ̀yìn. Ibi tó ti ní àfi kí wọ́n fún òun lọ́mọ ọba kóun tó jí ọmọ tó kú, ṣe ni Màmá tú gèlè orí wọn, wọ́n ká a sẹ́sẹ̀, wọ́n ní "Ó tán." Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ títí fíìmù fi parí. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tó ṣe Àwárùn, Ọlọ́run má gba ẹ̀bùn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá ti kúrò lójú, ilé á tutù.

Jagun Jagun náà dáa. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe Ògúndìjì, ọ̀gá ológun inú ẹ̀, débi pé mo kórìíra ẹ̀ tọkàntọkàn, àmọ́ ìjà ẹ̀ pọ̀ jù fún mi, tí wọ́n bá ti yọ idà báyìí mo ti lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Aṣọ wọn nínú gbogbo fíìmù tuntun wọ̀nyí náà ń múnú bí mi, èèyàn á fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, aṣọ ẹ̀ á mọ́ tónítóní, bí ẹni pé alágbàfọ̀ ń dúró dè é lẹ́nu odi.

Èyí tó wá dùn mí jù ni House of Ga'a, ti Bọ́láńlé Austen-Peters. Ṣó o rántí ìwé eré Baṣọ̀run Gáà, ti Adébáyọ̀ Fálétí, tá a kà ní sẹ́kọ́ńdírì? Tó jẹ́ ìwọ lò ń ṣe Gáà, tó o máa ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ tí gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín? Ọba mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn rán lọ sọ́run kí Aláàfin Abíọ́dún tó rẹ́yìn ẹ̀ ní 1774, òun la ṣe ń sọ pé bó o láyà kó o ṣèkà, bó o bá rántí ikú Gáà kó o sọ òótọ́. Nínú fíìmù, àwọn ọba yẹn kàn ń kọjá lọ ni, o ò tíì mọ ojú ọ̀kan tí wọ́n á ti gbé òmíràn dé. Fẹ́mi Branch ṣe é o, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́nu ò tóbi tó Gáà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí Màmá ní ká lọ wá Ṣaworoidẹ síta. Túndé Kèlání ló ṣe é ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Àwòrán ẹ̀ ti ṣe bàìbàì, àmọ́ Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀! Bàbá Fálétí fúnra wọn ni Ọ̀pálábá, wọ́n á kàn sọ ìdajì ọ̀rọ̀, àwọn ìjòyè á máa wo ara wọn. Lápitẹ̀ fẹ́ jọba àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n sín òun ní gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀, ìbọn ló fà yọ sí wọn, torí tó bá ti mulẹ̀ báwo ló ṣe máa jẹ ìlú Jogbo run? Kò sẹ́ni tó fò lókè, kò sí iná kọ̀ǹpútà, àyà mi ṣì ń já. Nígbà tí Lágàtà, sójà tó gbàjọba, wá gbé adé borí láìsín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ìlù ṣaworoidẹ sí i, tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, mo dìde dúró. Ọdún tí sójà gbé ìjọba sílẹ̀ sì ni o, o mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Kúnlé Afọláyan wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́, Màmá ní irọ́ ni mò ń pa.

N ò sọ pé ká padà sí kámẹ́rà àtijọ́ o. Afọláyan ti kọ́ abúlé fíìmù sí Ìgbójàyè, ohun gidi ni. Kí wọ́n ṣáà na díẹ̀ nínú owó yẹn lórí àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀, jàre.

Torí náà Ṣaworoidẹ ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o jẹ́ káwọn ọmọ náà jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn kó o wá tún Aníkúlápó wò, tó o bá ṣì ń gbè sẹ́yìn Sàró, voice note ni kó o fi ránṣẹ́ o, kí Màmá lè dá ẹ lóhùn fúnra wọn.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ ẹ