Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Àwọn Àgùntàn Wọ̀nyí, Kí Ni Wọ́n Ṣe?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkórè lẹ ń retí, torí ohun tí mo ṣèlérí fún yín nìyẹn, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ dé ìdajì kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé. Mo ti ya á dànù torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀sì ìjọ wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí, òru Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ ọ́, kò síná, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran, torí náà tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀ ẹ bá mi fojú fò ó.

Ibi kíkà wa ni 2 Sámúẹ́lì 24, ẹsẹ̀ 17. "Wò ó, èmi ni ó ṣẹ̀, èmi ni ó sì hu búburú: ṣùgbọ́n àwọn àgùntàn wọ̀nyí, kí ni wọ́n ha ṣe? Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ, èmi bẹ̀ ọ́, kí ó wà ní ara mi, àti ìdílé baba mi."

Ọ̀rọ̀ tó dáa ni, àbí? Ẹ má tíì yin Dáfídì o. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọba ló ní kí wọ́n lọ ka àwọn èèyàn. Jóábù, tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn mímọ́ rárá, Jóábù kìlọ̀ fún un, ó ní kí ló dé tí olúwa mi ọba fi fẹ́ nǹkan yìí, ọba ò gbọ́. Oṣù mẹ́sàn-án àti ogúnjọ́ ni wọ́n fi kà wọ́n, ẹsẹ̀ 8 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti dúró láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò lè kúrò níbẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án! Kò sí ọjọ́ kan nínú gbogbo ọjọ́ yẹn tí ọba ò lè ránṣẹ́ pé ó tó, ẹ padà wálé. Gbogbo àárọ̀ ló ń jí, tó ń jẹun, tó ń jókòó sórí ìtẹ́, nǹkan tí wọ́n ti kìlọ̀ ẹ̀ fún un sì ń lọ lọ́wọ́.

Ó jẹ́wọ́ ní ẹsẹ̀ 10 lóòótọ́, ó ní òun ti ṣẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì Gádì gbé ìyà mẹ́ta wá pé kó mú ọ̀kan, ìyàn ọdún méje, àbí kó máa sá fún ọ̀tá fún oṣù mẹ́ta, àbí àjàkálẹ̀ àrùn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wo ẹnu ẹ̀ dáadáa ní ẹsẹ̀ 14. Ó ní ẹ jẹ́ kí A fi ara WA lé Olúwa lọ́wọ́, kó má ṣe fi MÍ lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹ rí i? Ìyà tó máa kan gbogbo ìlú, "a" ni. Ìyà tó máa lé òun alára kiri inú igbó, "mi" ni. 70,000 èèyàn ló kú láti Dánì dé Bíá-Ṣébà kí "a" yẹn tó di "ara mi" lẹ́nu ọba. Ó dé ibẹ̀, mo dúpẹ́ pé ó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín. Kì í ṣe Kristẹni, ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ará Íńdíà, olóṣèlú sì ni pẹ̀lú, mo ti mọ àwọn bàbá tó máa pè mí lórí ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán ná. Lal Bahadur Shastri lorúkọ ẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Mughalsarai, bàbá ẹ̀ kú nígbà tí ò tíì pé ọmọ ọdún méjì, àrùn ló pa á, ilé bàbá ìyá ẹ̀ ló gbé dàgbà. Shastri yẹn gan-an kì í ṣe orúkọ bàbá ẹ̀, oyè tó gbà nígbà tó kàwé jáde ni, orúkọ ìdílé ẹ̀ ló ti jù nù torí pé ó ń jẹ́ kí aráyé mọ irú ìran tó ti wá, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fìyẹn wo òun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í sẹ́wọ̀n láìmọye ìgbà nígbà ìjà òmìnira.

Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1947, ìpínlẹ̀ ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sìn, ibi tí wọ́n wá ń pè ní Uttar Pradesh, ó ṣe mínísítà ọlọ́pàá àti ìrìnnà lábẹ́ Govind Ballabh Pant, olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Òun ló ní kí wọ́n gba obìnrin sí iṣẹ́ agbowó ọkọ̀, òun náà ló ní kí ọlọ́pàá máa fi omi tú èrò ká dípò kóńdó. Lọ́dún 1952 ni Nehru, olórí ìjọba Íńdíà nígbà yẹn, mú un lọ sí ìjọba àpapọ̀, ó fi í ṣe mínísítà rélùwéè.

Rélùwéè Íńdíà kì í ṣe nǹkan kékeré o. Lọ́dún 1956, ọkọ̀ ojú irin kan jábọ́ ní Mahbubnagar, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Shastri kọ̀wé pé òun fẹ́ fi ipò sílẹ̀. Nehru ní rárá, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ni ì bá tún sọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́ nínú wa? Ṣebí a ti kọ̀wé, ọ̀gá ni ò gbà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní November 23, òjò rọ̀ gan-an níhà gúúsù, odò kún, ó gbé ojú irin lọ lẹ́bàá Ariyalur, ọkọ̀ tó ń ti Madras lọ sí Tuticorin já sódò pẹ̀lú àwọn tó ń sùn nínú ẹ̀. Ó tún lé ní ọgọ́rùn-ún. Shastri tún kọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, Shastri ò fẹ́ gbọ́ rárá pé kóun dúró.

Kì í ṣe òun ló wakọ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́ afárá. Kì í ṣe òun ló rọ̀jò. Nehru fúnra ẹ̀ dìde níwájú ilé ìgbìmọ̀, ó ní òun gba lẹ́tà náà, kì í ṣe torí pé Shastri ló fa jàǹbá, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, a kàn lè máa bá tiwa lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe wá.

Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dìde lọ mumi.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, kí mínísítà kúrò níbẹ̀ ò jí òkú kan. Òótọ́ ni. Kò jí ẹnì kankan. Mi ò sì sọ pé áńgẹ́lì ni Shastri, nígbà tó wá di olórí ìjọba gan-an, lọ́dún 1965, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Madras lórí ọ̀rọ̀ èdè Híńdì, àwọn èèyàn kú, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lórí rédíò láti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí omi gbé àwọn àgùntàn lọ, kò wá ẹni tó kéré jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè kó fi ẹ̀bi bọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin ará, mo wà ní mítìn Ọjọ́rú. Mo jókòó, mo ń gbọ́ yín. Wákàtí mẹ́ta gbáko, kò sẹ́nì kan nínú wa tó dárúkọ ara ẹ̀. Kọmití ní owó ò jáde. Àwọn tó ń mú owó jáde ní kò sẹ́ni tó mú ìwé wá. Àwọn tó yẹ kó mú ìwé wá ní àwọn ò sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ní Sátánì ni. Sátánì! Sátánì ò sí nínú kọmití kankan nínú ìjọ yìí, kì í fọwọ́ síwèé, kò sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Lóòótọ́ 1 Kíróníkà 21 sọ pé Sátánì ló ti Dáfídì, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹnu Dáfídì wò nígbà tó ń jẹ́wọ́, kò pe orúkọ Sátánì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìgbà tọ́rọ̀ wá kan ẹni tó kéré jù nínú wa, ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ò lè ra bàtà tí àwọn kan wọ̀ wá sí mítìn yẹn, ẹni tí ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ láti fọhùn torí ibi tó wà báyìí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn lẹnu wa wá kò. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ òwe yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà, ti ìkẹrin tiẹ̀ jáde lẹ́nu ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń rán ìka níṣẹ́? Nígbà tí ìka yẹn ní nǹkan yìí ò dáa mọ́ o, ta ló dá a lóhùn pé kó máa rọra lò ó bẹ́ẹ̀ ná, Ọlọ́run á ṣe é? Ìyá kan ń sunkún níbi tí a ti ń pòwe. Ó dákẹ́ nígbà tó rí i pé a ò gbọ́ òun.

Mo bínú. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo bínú dé ilé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá mi ò jẹ ẹ́. Ìgbà tó di òru ni mo wá rí i pé gbogbo ìbínú yẹn, ara àwọn ẹlòmíràn ni mo ń bínú sí.

Torí wọ́n sọ fún èmi náà. Ẹnì kan nínú yín wá bá mi nínú ọ́fíìsì lóṣù kẹjọ, ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi dáadáa, mo ní ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè tán ná, àá wò ó. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ní mítìn Ọjọ́rú, ẹni yẹn wà níbẹ̀, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó wolẹ̀, kò sọ ọ́. Ó bò mí láṣìírí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ kó bò mí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dá àwọn yòókù lẹ́bi lórí WhatsApp láti ìgbà yẹn, ẹ fi tèmi kún un. Oṣù mẹ́sàn-án ni ti Dáfídì, tèmi ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ń jí láràárọ̀, mo ń jẹun.

Ó ku nǹkan kan nípa Shastri. Nígbà tó di olórí ìjọba tán, lọ́dún 1964, àwọn ọmọ ẹ̀ ní kó ra ọkọ̀, Fiat kan tó jẹ́ 12,000 rúpìì. 7,000 ló ní. Ó lọ yá 5,000 ní Punjab National Bank bíi gbogbo èèyàn. Oúnjẹ wọ́n ní ìlú nígbà yẹn, ó fẹ́ ní kí àwọn èèyàn máa fo oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ilé tiẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dán an wò, ó ní kí ìyàwó ẹ̀ má dáná lálẹ́ kóun rí i bóyá àwọn ọmọ á lè fara dà á, kó tó bá ará ìlú sọ ọ́. January 11, 1966 ló kú ní Tashkent, ilẹ̀ àjèjì, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà pẹ̀lú Pakistan. Gbèsè Fiat yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀, Lalita, ló fi owó ìfẹ̀yìntì san án tán.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń gbààwẹ̀ fún wa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tẹ́ ò sọ fún ẹnì kankan, mo mọ̀ yín, mo nífẹ̀ẹ́ yín, mi ò kọ ìwé yìí kí ẹnikẹ́ni lè sá kúrò nínú ìjọ. Ẹ ka orí yẹn dé òpin. Dáfídì lọ bá Áráúnà ní ibi ìpakà ẹ̀, Áráúnà ní òun á fún un lọ́fẹ̀ẹ́, màlúù, igi, gbogbo ẹ̀, ọba ní rárá, òun ò ní fi ohun tí òun ò náwó fún rúbọ sí Olúwa, ó san àádọ́ta ṣékélì fàdákà. Ibi ìpakà yẹn gan-an ni Sólómọ́nì wá kọ́ tẹ́ḿpìlì sí. Ibi tí áńgẹ́lì dúró sí pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ibẹ̀ náà làwọn ọmọ ọmọ wọn ti wá ń kọrin. Ẹ wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ò bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ wá, àyè wà.

Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn yín, nínú Olúwa.

ÌKÉDE (ẹ má bínú, àyè ò tó)
Ìkórè ti sún síwájú, ẹ máa gbọ́ ọjọ́ tuntun. Bọ́ọ̀sì ìjọ ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, ẹ wọ ọkọ̀ wá, àwọn ọ̀dọ́ tó ní mọ́tò ẹ ya ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ O, kó rí akọ̀wé kíákíá. Àbẹ̀wò sí hospital, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, ẹ má lọ ju ẹni méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi kí gbogbo ọmọ ìjọ tó jẹ́ àgbà jọ̀ọ́ jókòó, akọ̀wé máa ka lẹ́tà kan tí mo kọ sí àwọn àgbà ìjọ. Ìdánrawò akọrin ṣì jẹ́ Sátidé, agogo márùn-ún. Ẹni tó gbàgbé agboòrùn aláwọ̀ búlúù síbi mítìn Ọjọ́rú, ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá géètì.