Síkáànù kì í ṣe babaláwo o

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tẹ́ẹ gbé jáde lórí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, èyí tẹ́ẹ fi àkọlé gàdàgbà sí pé kọ̀ǹpútà ti ń wo fọ́tò síkáànù, ó sì ń sọ ẹni tó máa yè àtẹni tó máa kú. Ẹ rọra o jàre. Ìdí síkáànù lèmi náà ti ń jẹun, mi ò ní ba ọjà ara mi jẹ́, àmọ́ ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe gan-an ń ka ìwé ìròyìn yín.

Síkáànù PET tẹ́ẹ ń wí yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ibi tó ń fa ṣúgà nínú ara, a máa ń ní kéèyàn má jẹun fún bíi wákàtí mẹ́fà, ká tó wá gún un lábẹ́rẹ́ ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀ nínú, á wá sùn jẹ́ẹ́ fún bíi wákàtí kan, kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ ṣingọ́ọ̀mù, torí iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ á fa ṣúgà yẹn mọ́ra, á wá máa tàn nínú fọ́tò bíi pé àìsàn ló wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ máa ń fa ṣúgà gan-an ni, òun ló jẹ́ ká rí i. (Kẹ́nikẹ́ni má torí ìyẹn sọ pé kí aláìsàn má fẹnu kan ṣúgà mọ́ o, ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Ibi tó ti wúlò jù lójú tèmi, ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà ní Munich lórílẹ̀-èdè Jámánì gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n ṣe síkáànù fáwọn tí jẹjẹrẹ wọn wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọnú ikùn kí wọ́n tó gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ṣúgà tí kókó jẹjẹrẹ yẹn ń fà bá ti fi ìdá 35 nínú 100 dín kù, kẹ́mò ń bá a lọ nìyẹn, tí ò bá dín kù tó bẹ́ẹ̀, wọn ò fi oògùn tí ò ràn án dà á láàmú mọ́, ó di iṣẹ́ abẹ. Èsì táwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021 ní tiẹ̀, oògùn ni wọ́n pààrọ̀ fẹ́ni tí síkáànù fi hàn pé ti àkọ́kọ́ ò ṣiṣẹ́, wọ́n fi rédíéṣọ̀n, ìyẹn ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ, kún un, nígbà tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ tán, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ni ò ní jẹjẹrẹ kankan mọ́ nínú ohun tí wọ́n gé jáde. Ìròyìn gidi nìyẹn!

Àmọ́ rédíéṣọ̀n máa ń jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun wú, ibi tó wú náà á máa fa ṣúgà, jẹjẹrẹ tó sì ṣẹ́ kù bíńtín lè má hàn rárá. Ìdí nìyẹn táwọn dókítà Netherlands tó ń ṣọ́ aláìsàn tó ti gba kẹ́mò àti rédíéṣọ̀n, dípò kí wọ́n tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ò fi gbára lé síkáànù nìkan, wọ́n ń ki kámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n ń já ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ti kọ̀ǹpútà wá ńkọ́? Ó ń rí ohun tí ojú wa ò lè kà nínú fọ́tò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ́ṣẹ́ lórí fọ́tò ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, ẹ gbé e dé ibi tí ẹ̀rọ wọn yàtọ̀, ìṣirò ẹ̀ lè dàrú. Tó bá sì ní nínú 100 tó ní irú fọ́tò yìí, báyìí-báyìí ló máa yè, kò tíì sọ èwo ni tìẹ nínú wọn.

Tí wọ́n bá tún gbé irú ẹ̀ wá fún yín, ẹ bi wọ́n pé ilé ìwòsàn mélòó ni wọ́n ti dán an wò, kí sì ni dókítà máa ṣe yàtọ̀ tí èsì ẹ̀ bá jáde, kẹ́ẹ tó kọ àkọlé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ síkáànù