Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fáírọ́ọ̀sì ń jẹ̀bi

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi, fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Ó kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Lóṣù tó kọjá, ètò kan di àkọsílẹ̀ owó mú, ó ń dúró de àkọsílẹ̀ ọjà. Èkejì di ti ọjà mú, ó ń dúró de ti owó. Kò sí èyí tó jọ̀wọ́ ti ọwọ́ rẹ̀ fún ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí àwọn oníbàárà ń fi ìpè dà mí láàmú.

Ìlà mẹ́ta péré ni mo tún kọ: kí gbogbo ètò kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ owó kí ó tó mú ti ọjà. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun o. Ní 1965 ni Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Netherlands, fi ṣe ìbéèrè ìdánwò: kọ̀ǹpútà márùn-ún tó ń du ẹ̀rọ téèpù márùn-ún tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́ di ìtàn àwọn ọ̀mọ̀ràn márùn-ún tó ń du fọ́ọ̀kì márùn-ún nídìí oúnjẹ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì nílò méjì kó tó lè jẹun (bí ẹni pé wọn ò lè fọwọ́ jẹun!).

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣàtúnṣe.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ ètò kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn