Ẹ bi aláìsàn kí ẹ tó ka nọ́ńbà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n sọ̀rọ̀ lórí títúmọ̀ fọ́ọ̀mù tí ilé ìwòsàn fi ń bi alárùn jẹjẹrẹ bí ara àti ayé ṣe rí fún un. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dán fọ́ọ̀mù náà wò bá ti dára, ìtúmọ̀ náà dára. Kò rí bẹ́ẹ̀, èdè Urdu ti Pakistan sì jẹ́ ká rí i kedere.

Ẹ mú QLQ-C30, fọ́ọ̀mù EORTC, àjọ Yúróòpù tó ń ṣe ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ní Brussels, tó jáde ní 1993. Ìbéèrè 30 ló wà nínú rẹ̀. 28 àkọ́kọ́ ní ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin, láti "rárá" dé "púpọ̀ gan-an". Méjì tó kẹ́yìn lọ láti 1 dé 7. Ẹ ó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà. Ògbufọ̀ méjì tí Urdu jẹ́ èdè abínibí wọn á túmọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn á so méjèèjì di ọ̀kan, àwọn mìíràn tí kò rí fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ á tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbé e tọ aláìsàn 10 sí 15 lọ.

Ibi títú padà ni àwọn olùwádìí ti ń tan ara wọn jẹ. Ìdáhùn kẹta wà láàrin "díẹ̀" àti "púpọ̀ gan-an". "Kafi" ló sábà ń bọ́ sí ògbufọ̀ Urdu lẹ́nu. Ẹni tó mọṣẹ́ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n "kafi" tún ń jẹ́ "ó tó", aláìsàn sì lè má mọ ibi tí yóò fi ìrora rẹ̀ sí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí káàdì, ẹ dà wọ́n rú, kí aláìsàn tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Bí aláìsàn méjì tàbí mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá ṣì í tò, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe Urdu tún ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, ohun tí Yorùbá kì í ṣe. Bí a bá ń bi ọkùnrin bóyá ó rẹ̀ ẹ́, "thake hue the" ni. Ti obìnrin ni "thaki hui thin". Ṣé ó yẹ ká gbé fọ́ọ̀mù tó ń pe ọkùnrin lé obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́? Ẹ yí gbólóhùn náà: "kya aap ko thakawat mehsoos hui". Àárẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń tẹ̀ lé níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí à ń bi.

Àwọn tó ń fi Urdu ṣe èdè abínibí ní Pakistan kò tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Punjabi, Pashto àti Sindhi ni ọ̀pọ̀ ń sọ nílé. Nítorí náà, Urdu ojú ọjà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti akéwì. Ẹ ka ìbéèrè fún ẹni tí kò mọ̀wé gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò sí ìbéèrè tó dárúkọ jẹjẹrẹ nínú wọn, ẹ má sì fi kún un: ọ̀pọ̀ ẹbí níbẹ̀ ló ń fi orúkọ àrùn náà pamọ́ fún aláìsàn.

Ó wá ku nọ́ńbà. Cronbach alpha, nọ́ńbà tí kì í sábà ju 1 lọ, 0.70 sókè ni gbogbo ènìyàn ń lé. Kò sọ ju pé àwọn ìbéèrè inú ọ̀wọ́ kan, ìyẹn àwọn tó dá lórí ohun kan náà, ń fohùn ṣọ̀kan lọ. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà lórí ọkàn: àìfarabalẹ̀, àníyàn, ìkanra, ìrẹ̀wẹ̀sì. Bí ògbufọ̀ bá sọ gbogbo wọn di "udaas", ìyẹn ìbànújẹ́, alpha á ròkè, fọ́ọ̀mù á sì ti bàjẹ́. Ọ̀wọ́ ìrántí àti ìfọkànsí, tí kò ní ju ìbéèrè méjì lọ, sábà ń ní alpha tí kò tó 0.70 ní èdè púpọ̀; èyí nìkan kò fi hàn pé ìtúmọ̀ kò dára.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùwádìí fún, títí kan àwọn tó ń túmọ̀ sí Yorùbá, ni pé kí wọ́n tẹ ohun tí aláìsàn sọ nípa ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú àtẹ nọ́ńbà wọn: ọ̀rọ̀ wo ni kò yé e, kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí sì nìdí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn