Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Ọ̀rọ̀ Pásíwọ́ọ̀dù

Mókọ́lá,
Ìbàdàn.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé òtútù Manchester kò tíì ṣe ọ́ ní nǹkan. O béèrè bóyá kí o jẹ́ kí fóònù máa bá ọ tọ́jú àwọn pásíwọ́ọ̀dù rẹ, tàbí kí o máa kọ wọ́n sínú ìwé bíi ti tẹ́lẹ̀. Èsì mi ni pé kí o jẹ́ kí ó máa tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní oṣù méjì sẹ́yìn.

Mo wọ Micra ní Dùgbẹ̀, mo sì tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ti fóònù mi kí n lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ọdún tí wọ́n bí mi ni nọ́ńbà ọ̀hún. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí kọjú sí fèrèsé, àbí kí n sọ pé èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọjọ́ọ̀, àpò ṣòkòtò mi ti fúyẹ́.

Fóònù yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tí n kò rò rí ni pé lórí Android tèmi, nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí ojú fóònù náà ló ń ṣí ibi tí Google ń kó pásíwọ́ọ̀dù mi sí, débi pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yóò rí gbogbo wọn kedere bí ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jístà. N kò tíì bọ́ bàtà nílé tí mo fi ṣí kọ̀ǹpútà, tí mo sì pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà rẹ́ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí báńkì ti àkáǹtì mi, kí wọ́n sì dí síìmù náà, nítorí bí olè bá fi síìmù sínú fóònù mìíràn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù tí báńkì bá fi ránṣẹ́ yóò máa dé sí.

Lóru ọjọ́ náà ni mo tó ka àwọn pásíwọ́ọ̀dù mi. Wọ́n jẹ́ 87, oríkì ìyá mi ni mo sì fi ṣe nǹkan bí 60 nínú wọn, tí mo kàn ń fi 1 tàbí àmì ìyanu kún un lẹ́yìn. Ojú tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà ní yàrá. Nígbà tí wọ́n jí pásíwọ́ọ̀dù tó tó mílíọ̀nù 32 kó ní iléeṣẹ́ RockYou lọ́dún 2009, bí ènìyàn ṣe tẹ̀ wọ́n gan-an ni iléeṣẹ́ náà kó wọn pa mọ́, 123456 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tí olè bá rí níbì kan, yóò gbé e lọ dán wò lára ímeèlì àti àkáǹtì mìíràn.

Mo ti kó tèmi lọ sínú Bitwarden báyìí, ìyẹn áàpù kan tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, pásíwọ́ọ̀dù àgbà tó ń ṣí i kò sì bá nọ́ńbà fóònù tan rárá. Bí o bá gbàgbé èyí, àwọn tó ṣe é gan-an kò lè bá ọ ṣí i, nítorí inú ẹ̀rọ rẹ ni ohun gbogbo ti ń di àdììtú tí ẹlòmíràn kò lè kà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò jọra ni tèmi, irú bí ewúrẹ́, sìmẹ́ǹtì, ìbọ̀sẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, ó sì wà nínú àpòòwé pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ wa nínú àpótí irin. Máa rẹ́rìn-ín pé orí ìwé náà ni mo padà sí. Olè inú Micra kò mọ ọ̀nà yàrá mi.

Ní ti pípààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù lóṣooṣù tí ibi iṣẹ́ rẹ ń fipá mú yín ṣe, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ti sọ láti 2017 pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, àfi bí àmì bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo yà kí Màmá ní Mọ́níyà lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún tí wọ́n bí ọ ni wọ́n fi ti fóònù tí o rà fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbà, wọ́n jókòó ti ògiri, wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́ bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é kí n lè bá wọn rántí, wọ́n ní kí n máa lọ sílé mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàmú