Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú Wa: Ilé fún Àwọn Agbẹ̀bí, Oògùn fún Àwọn Abúlé

Ẹ̀yin ọmọ bíbí ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, ẹgbẹ́ kí yín, a sì dúpẹ́ fún gbogbo owó tí ẹ ti ń dá bọ̀. Èyí tí a fẹ́ bẹ̀ yín fún lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe owó gbọ̀ngàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ilé ìwòsàn tuntun. Owó tí yóò mú kí òṣìṣẹ́ ìlera àti oògùn dé àwọn abúlé wa, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀, ni.

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí ní Òkè-Ògùn. Ọsibítù àárín ìlú ní nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ta oògùn sì yí i ká. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé ìtọ́jú tí ìjọba kọ́ sí abúlé, ògiri àti pátákó orúkọ nìkan ló kù nínú òmíràn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀ kì í rí ilé gbé, ìlú ni yóò ti máa lọ láàárọ̀, yóò sì ti padà kí oòrùn tó wọ̀. Aláboyún tó bá rọbí lóru, ọ̀kadà ni wọn yóò fi gbé e gba ọ̀nà tó ti bàjẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ gbìyànjú ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n ṣètò láti rán agbẹ̀bí mẹ́rin mẹ́rin sí àwọn ilé ìtọ́jú ìgbèríko, kí ẹnì kan lè máa wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Èrò náà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yẹ kí wọ́n fi kún owó oṣù wọn kì í wọlé déédéé ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé gbígbé náà sì ṣòro, ni ọ̀pọ̀ bá kúrò. Ẹ wá wo Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ láti ọdún 1963: ilé wà tí wọ́n ń gbé láàárín ará ìlú. Nítorí náà, ilé la fi ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ̀rọ amóhuntutù tó ń lo sólà ló tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ oxytocin, tí wọ́n ń gún fún ìyá lẹ́yìn ìbímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lára rẹ̀, inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kó máa wà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àjẹsára ọmọdé. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, agbẹ̀bí kò lè fi ojú lásán mọ̀. Yóò gún un, ẹ̀jẹ̀ náà lè má dá.

Abúlé mẹ́ta tó jìnnà jù sí ọsibítù la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò wo abúlé bàbá ẹnikẹ́ni. Àwọn baálẹ̀ ti fún wa nílẹ̀, a sì ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n gbé òṣìṣẹ́ wá, nítorí pé ojúṣe ìjọba ni owó oṣù wọn, a kò sì ní gba ojúṣe náà lọ́wọ́ ìjọba.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Nàìjíríà yóò san ₦5,000 lóṣooṣù fún ọdún kan. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù yóò san £20. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àgbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ yóò san ohun tí agbára wọn bá ká. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà wa tó wà lókè òkun, a mọ̀ pé ọkàn yín wà nílé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ohun tí a nílò kí ẹ tó kó ẹrù ránṣẹ́. Oògùn tí kò ní ṣeé lò tó ọdún kan mọ́ lẹ́yìn tó bá dé, àti ẹ̀rọ tí iná wa kò lè gbé, ìnira ni wọ́n ń jẹ́ fún àwọn tó bá gbà wọ́n.

Ẹ san owó fún akápò ẹ̀ka yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. A ó ka ìṣirò owó ilé àkọ́kọ́ ní ìpàdé gbogboogbò kí a tó fi ìpìlẹ̀ èkejì lélẹ̀.

Akọ̀wé àgbà,
lórúkọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú.